Pẹ́dà Dístọ́ṣọ̀n Tí A Fọwọ́ Tò, Tó Kọ̀ Tí Kò Dún: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Pẹ́dà gìtá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni dístọ́ṣọ̀n (èyí tó ń mú kí ohùn gìtá há) oní-IC kan ṣoṣo (IC ni ohun èlò kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń mú ohùn lágbára), irú èyí tí MXR ní Rochester, ìpínlẹ̀ New York, gbé jáde láàárín àwọn ọdún 1970, tí wọ́n pè ní Distortion+. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ṣẹ́, torí pé ohun èlò orí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò tó ogún. Dáyóòdù germanium nìkan ló lè ṣòroó rí, dáyóòdù silicon 1N4148 sì lè rọ́pò rẹ̀.

Bó ṣe tò nìyí. Ohùn gìtá gba kàpásítọ̀ 10nF àti rẹ̀sísítọ̀ 10k (k ni ẹgbẹ̀rún ohm, M ni mílíọ̀nù ohm) wọ ẹsẹ̀ 3 IC 741. 1nF kan wà láti ẹnu ọ̀nà lọ sí gíráùndù (ìlà 0V tí gbogbo sákíìtì jọ ń lò). Rẹ̀sísítọ̀ 1M méjì pín 9V sí méjì, kàpásítọ̀ 1µF dúró tì í, 1M kẹta sì gbé 4.5V yẹn lọ sí ẹsẹ̀ 3. 1M kẹrin so ẹsẹ̀ 6 mọ́ ẹsẹ̀ 2. Láti ẹsẹ̀ 2, rẹ̀sísítọ̀ 4.7k, pọ́ọ̀tù 500k (rẹ̀sísítọ̀ tí a ń fọwọ́ yí, òun ni ti dístọ́ṣọ̀n) àti kàpásítọ̀ 47nF tò tẹ̀lé ara wọn lọ sí gíráùndù. Láti ẹsẹ̀ 6, ohùn gba 1µF àti 10k, ó kan dáyóòdù méjì tí ọ̀kan kọrí sókè tí èkejì kọrí sísàlẹ̀, ó kan 1nF, ó wá dé pọ́ọ̀tù volume 50k. Ẹ fi àwòrán sákíìtì yín sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹ ṣe ń kà á.

Mo tò ó tán, mo so gìtá àti áńpù mọ́ ọn, kò dún rárá. Kí ni kí n kọ́kọ́ yọ?

Ẹ má tíì yọ ohunkóhun. Ẹni tó bá ń yọ tó sì ń tún un jó láìmọ ibi tí àìsàn wà yóò máa gbóná bọ́ọ̀dù títí ojú bàbà á fi ṣí, ìgbà yẹn ló di àìsàn méjì. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi pẹ́dà náà, kí wọ́n sì tẹ̀lé ara wọn: ṣé ohùn ń kọjá nígbà tí ẹ pa á? Ṣé iná dé ibi tó yẹ kó dé, ní iye tó yẹ? Níbo gan-an ni ohùn ti dúró? Ìkẹta ló ń tọ́ka sí ohun èlò tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fo méjì àkọ́kọ́ yóò kàn máa méfò ni.

Kí ẹ tó ṣí i rárá, ẹ so gìtá mọ́ áńpù tààrà, kí ẹ fi wáyà méjèèjì dán an wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó já nínú orí jáákì ti mú kí wọ́n tú ọ̀pọ̀ pẹ́dà tí kò ní àìsàn kankan. Ẹ sì yí volume pẹ́dà náà dé ìdajì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀.

Bí mo bá pa á, gìtá kò dún. Bí mo bá tàn án, bákan náà ni.

Ẹ fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀ ná. Nígbà tí súwíìṣì ẹsẹ̀ 3PDT bá wà ní pípa, láti jáákì ìwọlé ni ohùn ti ń bọ́ sí jáákì ìjáde. Kò kan bọ́ọ̀dù rárá. Àìsàn náà wà lára jáákì, súwíìṣì, tàbí wáyà tó so wọ́n pọ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ni súwíìṣì náà ní, ìlà mẹ́ta, mẹ́ta-mẹ́ta. Nínú òòró kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ àárín ni ó ń yàn: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dì mọ́ ti òkè, ẹ tún un tẹ̀, ó dì mọ́ ti ìsàlẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n yí súwíìṣì náà, kí òòró di ìbú. Àwọn ẹsẹ̀ náà pẹlẹbẹ: bí ẹ bá gbé e dáadáa, ìpẹlẹbẹ wọn á dùbúlẹ̀ ní ìbú nígbà tí òòró bá dúró. Ẹ má gba ojú gbọ́ o. Ẹ fi mítà sí ibi tó ń dún bí ojú méjì bá so pọ̀ geere, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sí ẹsẹ̀ àárín, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń yí láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́.

Bí òòró kan bá kọ̀ láti yí, ooru ló sábà máa ń bà á jẹ́. Rọ́bà tó di àwọn ẹsẹ̀ náà mú nínú lọ́hùn-ún máa ń yọ́. Áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì 25W sí 30W tó mọ́ lẹ́nu ni kí ẹ lò, kí ó má dúró lójú kan ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Bí lẹ́ẹ̀dì (èyí tí a ń yọ́ fi so ohun èlò mọ́lẹ̀, kì í ṣe iná LED) kò bá tíì mú, ẹ gbé e kúrò, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún padà wá.

Ohùn ń kọjá bí mo bá pa á, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, LED kò tàn, kò sì dún.

Iná kò wọlé nìyẹn. LED tí wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú kì í dá ohùn dúró. Ó kàn máa ń kọ̀ láti tàn ni. Nítorí náà bí méjèèjì bá kú pọ̀, ẹ má fi LED ṣòfò àkókò.

Jáákì ìwọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bí ẹ bá ń lo bátìrì. Sítẹ́ríò ló yẹ kó jẹ́, torí òun gan-an ni súwíìṣì bátìrì. Wáyà dúdú bátìrì wà lára ẹsẹ̀ ring (tó ń kan àárín orí jáákì), gíráùndù wà lára sleeve (tó ń kan ìdí rẹ̀). Orí jáákì mono tí gìtá bá wọlé ló so méjèèjì pọ̀. Bí wáyà gìtá yín bá jẹ́ oní-sítẹ́ríò, iná kò ní wọlé láéláé. Ẹ fi wáyà kékeré kan so ring mọ́ sleeve fún ìgbà díẹ̀: bí LED bá tàn, ọ̀rọ̀ jáákì ni. Bí LED bá sì ń tàn nígbà tí kò sí gìtá nínú rẹ̀, ring àti sleeve ti kan ara wọn níbì kan, bátìrì yín á kú mọ́jú.

Lẹ́yìn náà, dáyóòdù ààbò, 1N4001 tó dábùú láàárín positive àti gíráùndù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi adápítà tó yí òdì sí i rí, dáyóòdù yìí ló gba ìyà náà, ó sì lè ti di wáyà lásán. Mítà á dún lọ́nà méjèèjì. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i. Ó ṣeé ṣe kí IC yín wà láàyè.

Ṣé mo lè lo adápítà router?

Rárá, àyàfi tí ẹ bá ti yí ẹnu rẹ̀ padà. Ohun tí pẹ́dà gìtá ń lò káàkiri ayé ni 9V tí negative rẹ̀ wà nínú, positive lóde, ihò 2.1mm. Ti router sábà máa ń jẹ́ positive nínú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ 12V. Wáyà USB tó ń sọ 5V power bank di 9V náà, router ni wọ́n ṣe é fún, òdì ló sì wà sí pẹ́dà. Ti kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì kò dọ́gba: ẹ wo àwòrán róbótó ara adápítà, kí ẹ rí i pé àmì ìyọkúrò ló so mọ́ àárín.

Adápítà àtijọ́ tó wúwo, tó ní transformer nínú, lè kọ 9V sára kó sì máa fún yín ní 12V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé pẹ́dà yìí kì í fẹ́ iná púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí gbogbo kàpásítọ̀ tó ní positive àti negative jẹ́ ti 25V, má fi ti 10V sí i.

Iná ti wọlé. Fóltéèjì mélòó ló yẹ kí n rí lẹ́sẹ̀ IC?

Ẹ fi ẹnu dúdú mítà sí gíráùndù, ẹ má fi gìtá dún. Pẹ̀lú bátìrì tuntun:

Ẹsẹ̀ 7: bíi 9V.
Ẹsẹ̀ 4: 0V.
Ẹsẹ̀ 6: bíi 4.5V, ìdajì ohun tó wà lẹ́sẹ̀ 7.
Ẹsẹ̀ 2 àti 3: 4.5V pẹ̀lú, *nínú òtítọ́*, ṣùgbọ́n mítà yín kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba pẹ́dà tó dára jẹ́. Rẹ̀sísítọ̀ 1M ni ó ń gbé 4.5V náà wá, mítà fúnra rẹ̀ sì ń mu díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹ bá ti fi kàn án. Mítà kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tó kún ọjà, irú DT830, 1M ni òun náà lápapọ̀. Bí ẹ bá fi kan àárín rẹ̀sísítọ̀ 1M méjì, 3V ni yóò pè é. Bí ẹ bá fi kan ẹsẹ̀ 3, á sọ pé 1.8V. Sákíìtì tó péye pátápátá nìyẹn o! Mítà 10M á sọ 4.3V àti 3.9V. Mítà alábẹ́rẹ́ tó jẹ́ 20k fún fóltì kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá fi í sí ojú 10V, kò ní rí ju 1.3V lọ láàárín rẹ̀sísítọ̀ méjì yẹn.

Nítorí náà ẹsẹ̀ 6 ni ẹlẹ́rìí yín. IC fúnra rẹ̀ ló ń ti iná jáde níbẹ̀, mítà kò lè fà á sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ 6 bá sọ 4.5V, ẹsẹ̀ 3 dára, ohun yòówù tí mítà ìbáà máa sọ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí lè fi 100k méjì rọ́pò 1M méjì tó ń pín iná. Ohùn kò ní yàtọ̀, iná tó ń jẹ kò tó 0.05mA, mítà yẹ́lò á sì rí bíi 4.3V láàárín wọn.

Ẹsẹ̀ 6 kò sí ní ìdajì. Kí ló fà á?

Bó bá lọ sókè, sí 7.5V tàbí jù bẹ́ẹ̀: ẹ wo rẹ̀sísítọ̀ 1M tó lọ láti àárín sí gíráùndù, bóyá ojú lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò mú. Ẹ wo 1M tó so ẹsẹ̀ 6 mọ́ ẹsẹ̀ 2 pẹ̀lú. Kàpásítọ̀ 47nF náà lè ti ṣọ́ọ̀tù: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí iná bátìrì gba ẹsẹ̀ 2 lọ sí gíráùndù, bí ó bá jẹ́ kó kọjá, IC á máa sọ 4.5V di púpọ̀ títí ó fi kan òrùlé. Ẹ mọ̀ ọ́n báyìí: ẹ gbé ẹsẹ̀ kan 47nF sókè. Bí ẹsẹ̀ 6 bá padà sí 4.5V, 47nF ni.

Bó bá wá sílẹ̀, sí 1V tàbí 2V: 1M òkè nínú èyí tó ń pín iná, tàbí 1M tó lọ sí ẹsẹ̀ 3, kò kan ibi tó yẹ. Tàbí kí kàpásítọ̀ 1µF àárín wà lọ́nà òdì. Kàpásítọ̀ tó wà lódì máa ń jò díẹ̀díẹ̀. Níbòmíràn jíjò yẹn kò jẹ́ nǹkankan, ṣùgbọ́n níwájú rẹ̀sísítọ̀ 1M, ìwọ̀nba díẹ̀ náà ti tó láti fa fóltéèjì lulẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní ìlà funfun ni ti gíráùndù.

Bí ẹsẹ̀ 7 fúnra rẹ̀ kò bá tó 7V pẹ̀lú bátìrì tuntun, tí IC sì gbóná mọ́ ìka, ẹ yọ iná kíá. Àmì kékeré tàbí ibi tí wọ́n gé lórí IC ló ń fi ẹsẹ̀ 1 hàn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti yí i.

Gbogbo fóltéèjì péye, síbẹ̀ kò dún. Kí ló kù?

Ó kù kí ẹ tẹ̀lé ohùn. Ẹ wá wáyà gìtá tí ẹ kò lò mọ́, ẹ gé orí kan rẹ̀ kúrò. Ẹ jó kàpásítọ̀ 100nF mọ́ wáyà àárín rẹ̀, kí ẹsẹ̀ kejì kàpásítọ̀ náà di ẹnu tí ẹ ó fi máa kan nǹkan. Ẹ fi kílíìpù sí wáyà tó yí i ká, kí ó lọ mú gíráùndù. Orí tó kù lọ sínú áńpù. Kàpásítọ̀ yẹn ló ń dá 9V dúró kí ó má bàa dé áńpù, ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀. Volume áńpù, kí ó wà nílẹ̀ pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi fóònù kọ orin kan sínú pẹ́dà, ní ohùn kékeré, kí ọwọ́ yín lè sinmi lórí gìtá. Ẹ yí dístọ́ṣọ̀n sí ìdajì. Ẹ wá máa kàn án: jáákì ìwọlé, ẹsẹ̀ súwíìṣì, iwájú 10nF, ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ 3, ẹsẹ̀ 6, ẹ̀yìn 1µF, ẹ̀yìn 10k, ẹsẹ̀ àárín pọ́ọ̀tù volume, súwíìṣì, jáákì ìjáde. Ibi tí ohùn ti wà gbẹ̀yìn àti ibi tí kò ti sí mọ́, àárín wọn ni àìsàn wà.

Ohun méjì lè dà yín lójú rú. Ẹsẹ̀ 3 á dún kékeré, ẹsẹ̀ 6 á pariwo. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Lẹ́yìn 10k, ohùn á tún kéré gan-an: dáyóòdù ń gé e kúrú, 1N4148 sí bíi 0.6V, germanium sí bíi 0.3V, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ 6 lè fò tó 3V lókè àti nísàlẹ̀. Ìdínkù yìí kì í ṣe àìsàn.

Ṣùgbọ́n bí ohùn bá kú *pátápátá* lẹ́yìn 10k, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan dáyóòdù kọ̀ọ̀kan sókè. Bí ohùn bá padà wá, ọ̀kan nínú wọn ti ṣọ́ọ̀tù. Ní ojú dáyóòdù lórí mítà, 1N4148 á sọ 0.5 sí 0.7 lọ́nà kan, kò ní sọ nǹkankan lọ́nà kejì, germanium, 0.2 sí 0.35. Bí kì í bá ṣe dáyóòdù, ẹ wo pọ́ọ̀tù volume: ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gba ohùn lè ti kan ara àpótí.

Veroboard, bọ́ọ̀dù oní-ìlà bàbà, ni mo lò. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ibi tí ẹ gé lábẹ́ IC. Ẹsẹ̀ IC kọjú síra wọn lórí ìlà bàbà kan náà, nítorí náà gígé mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà: láàárín 1 àti 8, 2 àti 7, 3 àti 6, 4 àti 5. Bàbà tín-ín-rín bí irun lè ṣẹ́kù létí ihò tí ẹ gé, ojú kò sì ní rí i. Ẹ yọ IC, ẹ fi mítà wò ó: kò gbọdọ̀ dún láàárín ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. 2 àti 7 tó ṣì so pọ̀ ló burú jù, torí 9V ló gbé sórí ẹsẹ̀ 2.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ fa àárín ìlà bàbà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àti spirit fọ̀ ọ́. Àìsàn tí wọ́n ti fi ọjọ́ wá máa ń kúrò báyìí. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì tó ṣàn nìkan ló ń so ìlà méjì. Òróró lẹ́ẹ̀dì tó jóná, tó ti dọ̀tí, lè jẹ́ kí iná jò díẹ̀, sákíìtì oní-1M bí èyí sì ń mọ̀ ọ́n lára. Òróró ìjólẹ́ẹ̀dì tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò fún páìpù, ẹ má dábàá rẹ̀. Ó ń jẹ bàbà.

Ojú lẹ́ẹ̀dì tó dára a máa tàn, á sì fà gẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ohun èlò. Èyí tó bá rí kúlúbọ́, tàbí tó ní ìlà róbótó yí ẹsẹ̀ ká, dry joint ni, ìyẹn ojú lẹ́ẹ̀dì tí kò mú. Ẹ gbóná rẹ̀, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ kún un. Lẹ́ẹ̀dì tí kò ní òjé nínú kì í tàn tó bẹ́ẹ̀ láti ìlẹ̀, ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́.

Ó ń dún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ bò mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n da aṣọ lé áńpù.

Nọ́ḿbà kàpásítọ̀ ni ẹ ṣì kà. 102 ni 1nF, 103 ni 10nF, 473 ni 47nF, 104 ni 100nF. Bí 104 bá bọ́ sí ibi tí 1nF yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáyóòdù, pẹ̀lú 10k tó wà níwájú rẹ̀, ohun gbogbo tó ga ju bíi 160Hz lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Pẹ̀lú 1nF, bíi 16kHz ni.

Bí ohùn bá tín-ín-rín dípò kó bò, ẹ wo 10nF ìwọlé bóyá 102 lẹ fi síbẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀sísítọ̀ náà: 1M ni búráùn, dúdú, àwọ̀ ewé, 10k ni búráùn, dúdú, àwọ̀ ọsàn, 1k ni búráùn, dúdú, pupa. Lábẹ́ iná LED funfun, pupa, ọsàn àti búráùn máa ń jọra. Ẹ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan *kí ẹ tó* jó o mọ́lẹ̀.

Bí mo bá ń yí dístọ́ṣọ̀n sókè, báàsì ń lọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ní òpin yíyí, 4.7k àti 47nF nìkan ló kù lójú ọ̀nà, IC sì ń fi agbára tó lé ní 200 gbé ohun tó ga ju bíi 720Hz lọ, ó ń fi báàsì sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ báàsì lè fi 100nF rọ́pò 47nF, á sọ̀kalẹ̀ sí bíi 340Hz. 220nF á gbé e dé 154Hz, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀ mọ́ra. 100nF ni a ó gbà yín níyànjú.

Bí ó bá sì jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan títí tó fi kù díẹ̀ kí pọ́ọ̀tù dé òpin, tó wá bú lójijì, B500K lẹ lò (lẹ́tà yẹn ń sọ bí iye pọ́ọ̀tù ṣe ń yí: ti B dọ́gba jálẹ̀, ti A àti C kò dọ́gba). C500K ni sákíìtì náà fẹ́. Bí ẹ kò bá rí C, ẹ lo A500K kí ẹ yí wáyà etí rẹ̀ méjèèjì; á ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì nìkan lẹ ó máa yí i sí.

Ó pariwo dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn kò há tó.

Dáyóòdù méjèèjì kọjú síbì kan náà. Apá kan ohùn nìkan ni wọ́n ń gé, ìyókù ń kọjá ní gbogbo gíga rẹ̀. Ìlà dúdú orí wọn gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn síra.

Ó ń kùn ṣáá.

Ẹ fi bátìrì sí i, ẹ fa adápítà yọ. Bí kíkùn bá dá, adápítà ni. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 100 ohm sójú ọ̀nà iná tó ń wọlé, kí ẹ fi kàpásítọ̀ 100µF 25V láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí gíráùndù. Ó máa ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Iná ìjọba ní Nàìjíríà jẹ́ 50Hz, kíkùn tó nípọn sì ni ti 50 tàbí 100Hz. Inverter olówó pọ́ọ́kú àti jẹnérétọ̀ kékeré máa ń fi ìró tó mú bí ayùn kún un, àlẹ̀mọ́ yìí kò sì lè pa gbogbo rẹ̀. Bátìrì ni ojútùú nígbà náà.

Bí ó bá ń kùn pẹ̀lú bátìrì, tó sì ń dín kù bí ẹ bá fọwọ́ kan àpótí, àpótí kò so mọ́ gíráùndù. Jáákì tí ọ̀dà yí ihò rẹ̀ ká kì í kan irin. Ẹ họ ọ̀dà inú ihò náà kúrò. Àpótí rọ́bà kò lè dá kíkùn dúró, àfi tí ẹ bá fi fọ́ìlì tẹ́ inú rẹ̀ kí ẹ so ó mọ́ gíráùndù.

Bí mo bá yí dístọ́ṣọ̀n dé òpin, ó ń han gooro.

Ohùn tó jáde ń gba ẹ̀bùrú padà sí ẹnu ọ̀nà. Pẹ̀lú agbára tó lé ní 200, wáyà ìwọlé àti ìjáde tó sún mọ́ ara wọn ti tó. Ẹ gé wọn kúrú, ẹ fi ọ̀kan gba apá òsì, èkejì apá ọ̀tún, ẹ lo wáyà oní-shield (èyí tí àwọ̀n irin yí ká) fún èyí tó lọ láti súwíìṣì sí ẹnu bọ́ọ̀dù, kí ẹ so shield rẹ̀ mọ́ gíráùndù *ní orí kan ṣoṣo*. Ẹ fi 100nF sí àárín ẹsẹ̀ 7 àti 4, nítòsí IC gan-an.

Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ nínú áńpù yín náà, ẹnu ọ̀nà yìí ló gbà wọlé: 1nF ìwọlé ti sọnù tàbí kò mú.

Ó ń dún “gbò” bí mo bá tẹ súwíìṣì, pọ́ọ̀tù náà sì ń ta pàrà-pàrà.

Fún “gbò”: ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 1M láti ìwọlé bọ́ọ̀dù sí gíráùndù, kí ẹ wò ó bóyá ó dá. Díẹ̀ lè ṣẹ́kù ní àkọ́tẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá so iná. Ìyẹn kò burú.

Fún pọ́ọ̀tù: ẹ wọn DC lẹ́sẹ̀ rẹ̀. 0V ló yẹ. Bí ẹ bá rí nǹkan kan, 1µF ìjáde ń jò tàbí ó wà lódì. Positive rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ 6. Bí 0V bá péye, ìdọ̀tí inú pọ́ọ̀tù ni.

Bátìrì kì í pẹ́.

Ẹ tú ẹnu kan bátìrì, ẹ fi mítà sí ojú mA, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. 741 ń jẹ bíi 1.7mA, LED pẹ̀lú 4.7k bíi 1.5mA: àpapọ̀ kò yẹ kó ju 4mA lọ. Bátìrì alkaline 9V á gbé e ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ. Bí ẹ bá rí 20mA, ẹ wo rẹ̀sísítọ̀ LED bóyá 470 ohm lẹ fi síbẹ̀ dípò 4.7k.

Bátìrì tó ń gbóná nígbà tí adápítà wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì léwu: adápítà ń ti iná sínú rẹ̀. Jáákì DC ní ẹsẹ̀ kẹta tó yẹ kó já bátìrì kúrò. Ẹ ti so ó mọ́ ibi tí kò yẹ. Ẹ yọ bátìrì kúrò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ṣé mo lè fi IC mìíràn sí i?

TL071 wọ ihò 741 láìyí nǹkankan padà. 741 ti wà láti ọdún 1968, Fairchild ló gbé e jáde. Ó lọ́ra, ó sì ń hó díẹ̀. TL071 dákẹ́ jù ú lọ. Àwọn kan fẹ́ràn ìlọ́ra 741 yẹn torí ó ń rọ etí ohùn, ẹ dán méjèèjì wò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

4558 àti TL072 kò ṣeé fi sí i. IC méjì ló wà nínú wọn: ẹsẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń gba iná, ẹsẹ̀ 7 sì jẹ́ ibi ìjáde ohùn. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì 741, 9V á lọ bá ibi ìjáde yẹn, ẹsẹ̀ 8 kò ní rí nǹkankan. Kò ní dún, ó sì lè jóná.

Ó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì. Bí mo bá ti dé e sínú àpótí, ó kú.

Nǹkan kan ń kan irin. Ẹ̀yìn pọ́ọ̀tù àti ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ẹsẹ̀ ohun èlò tí ẹ kò gé kúrú á gún ẹ̀yìn pọ́ọ̀tù, tó jẹ́ gíráùndù. Ẹ fi páálí tàbí téèpù sí àárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ti orí jáákì wọlé nígbà tí ìdérí ṣì ṣí, kí ẹ wo ahọ́n irin inú jáákì: bí orí jáákì bá wọlé, ahọ́n yẹn máa ń jáde síta díẹ̀, ó sì lè lọ kan ara àpótí tàbí ẹsẹ̀ súwíìṣì. Ẹ yí jáákì náà níbi tó wà kí ahọ́n rẹ̀ kọjú sí ibi tó ṣófo, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le dáadáa, torí bí ó bá tú, á tún yí padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.